Kí o tó di ẹ̀bi ru búrẹ́dì, yẹ àpò oògùn màmá wò

Àbúrò mi, láti ìgbà tí mo ti ka ìbéèrè rẹ lálẹ́ àná ni oorun ti dá lójú mi. O ní pajápajá ń mú màmá lẹ́sẹ̀ lóru láti ìgbà tí wọ́n ti wá bá ẹ ní London, o sì gbọ́ pé búrẹ́dì àti oúnjẹ ọkà ìsinsìnyí kò ní magnẹ́síọ̀mù, èròjà tí iṣan àti ọkàn nílò, tó ti ayé àtijọ́. O fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti èyí tí o lè máa rà fún wọn. N óò dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló gbá mi láyà jù, ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2016 ni tèmi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe nígbà náà, iṣẹ́ òru. Iṣan ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fà, mo rò pé ìdúró ni. Nígbà tó yá, ètè mi ń ṣe mí yìnrìn-yìnrìn bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé ọwọ́. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mò ń di bàtà, ni ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bá kó jọ mọ́ àtàǹpàkò, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ bu òkèlè ẹbà, kò sì là mọ́. Mo fi ọwọ́ òsì fa ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ká padà. Ẹkún ni mo sun. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi di bàtà yẹn.

Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Ó ní ọjọ́ orí ni, kí n máa mu omi. Mo padà lọ, ó fún mi ní oògùn ìrora. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ mi, ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò, ó ní àníyàn ọkàn ló ń ṣe mí. Èmi tí mo ń gbé àgbàlagbà sùn, tí mo ń gbé wọn dìde! Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní pòtásíọ̀mù lọ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn rẹ̀. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gòkè. Wọ́n ní kálísíọ̀mù náà lọ sílẹ̀, wọ́n tún fún mi ní tirẹ̀. Òun náà kò gòkè. Kò sẹ́nì kan tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí omi tí à ń pọn kò fi kún ìkòkò.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé abọ́ omi gbígbóná lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ọkàn mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, gbì, gbì, á dúró, á tún sáré. Mo ṣubú. Ọkọ̀ ọsibítù ló gbé mi. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, Ọlọ́run ló rán an sí mi. Ó da àpò oògùn mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú omeprazole, ó ní, “Màámi, ọdún wo lẹ ti ń lo èyí?” Mo ní láti 2009, nítorí ọgbẹ́ inú. Ó ní kí wọ́n yẹ magnẹ́síọ̀mù wò. 0.38 (mmol/L) ni wọ́n bá. Ó yẹ kó wà láàárín 0.7 sí 1.0.

Òru méjì ni wọ́n fi fa magnẹ́síọ̀mù sí mi lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo di ṣíbí mú, tí ìka mi sì là.

Magnẹ́síọ̀mù ni kò jẹ́ kí pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù gòkè. Bí kò bá tó, kíndìnrín a máa da pòtásíọ̀mù nù sínú ìtọ̀, ohun tó sì ń darí kálísíọ̀mù nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Oògùn inú tí mò ń lò ni kò jẹ́ kí ìfun mi gba magnẹ́síọ̀mù láti inú oúnjẹ. Ohun tó sì ń bí mi nínú títí di òní ni pé Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa oògùn yìí ní 2011, Ìlú Ọba náà sì kìlọ̀ ní 2012, pé ẹni tó bá ń lò ó pẹ́, kí wọ́n máa ṣọ́ magnẹ́síọ̀mù rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìkìlọ̀ yẹn, orí fóònù ni wọ́n ṣì ti ń tún un kọ fún mi láìbi mí ní ìbéèrè kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn kì í sì í ní magnẹ́síọ̀mù nínú. Àfi kí o dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ẹ pé “ẹ̀jẹ̀ màmá dára”, béèrè bóyá wọ́n wo magnẹ́síọ̀mù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọkà. Òótọ́ ni, ó ti dín kù, ọ̀nà tó gbà dín kù sì ju ẹyọ kan lọ.

Nígbà tí ìyá mi bá ń sẹ́ ògì ní Ìjẹ̀bú, èèrí ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Èèpo ọkà àti ojú rẹ̀ tó máa ń hù ló pọ̀ jù nínú èèrí yẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni magnẹ́síọ̀mù kó jọ sí. Ohun tí ẹ̀rọ ọlọ onírin ṣe sí àlìkámà àwọn òyìnbó náà nìyẹn láti bí 1880 wá: ó bó èèpo, ó yọ ojú, ìyẹ̀fun funfun ló kù. Bí o bá mú búrẹ́dì odindi àlìkámà 100 gíráàmù, wàá rí nǹkan bíi mílígíráàmù 70. Nínú búrẹ́dì funfun, bíi 25. Obìnrin sì nílò 270 lójúmọ́, ọkùnrin 300.

Nígbà ogun Hitler, ìjọba Ìlú Ọba pàṣẹ ní 1942 pé kí wọ́n má bó ọkà tán, kí 85 nínú 100 rẹ̀ wọ ìyẹ̀fun, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àlìkámà wọlé kò tó. Búrẹ́dì náà dúdú díẹ̀, àwọn èèyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n magnẹ́síọ̀mù inú rẹ̀ ju ti funfun lọ. Ní 1953 wọ́n gbà kí funfun padà, bí àwọn ọlọ́lọ bá ti dá àwọn nǹkan kan padà sínú rẹ̀, nígbà tó sì di 1956, búrẹ́dì ogun kógbá sílé. Kí ni òfin ní kí wọ́n máa fi sínú ìyẹ̀fun funfun láti ìgbà náà? Kálísíọ̀mù, irin, fítámì B1 àti B3. Magnẹ́síọ̀mù kò sí níbẹ̀. Ìjà tí mo ń bá àwọn tó jókòó ṣòfin yìí jà nìyẹn: ẹ mọ̀ pé ọlọ ń kó o lọ, ẹ dá mẹ́rin padà, ẹ gbàgbé ìkarùn-ún. Lẹ́yìn náà, onímọ̀ oúnjẹ ọsibítù á wá fún èèyàn ní ìwé pélébé pé “ẹ máa jẹ oúnjẹ tó ṣe déédéé”.

Èkejì, ọkà fúnra rẹ̀ yí padà. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìlú Ọba, oko kan wà tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà láti 1843, tí wọ́n sì ń tọ́jú díẹ̀ pa mọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkà ìpamọ́ yẹn wò, magnẹ́síọ̀mù, irin àti sínkì wà bákan náà títí di àárín àwọn ọdún 1960. Ìgbà tí wọ́n wá gbé àlìkámà kúkúrú tó ń so púpọ̀ dé ni àwọn èròjà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀. Ọkà pọ̀ lóko, èròjà inú hóró kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní tiwa lọ́rùn. Màmá tó jẹ ọkà bàbà àti ẹ̀wà nílé, tó dé London tó wá ń jẹ búrẹ́dì funfun láàárọ̀, ìrẹsì funfun lọ́sàn-án, ìrẹsì lílọ̀ tí a rò bí ẹbà lálẹ́, níbo ni yóò ti rí i? Má tẹ̀ lé àwọ̀ búrẹ́dì, wọ́n máa ń fi nǹkan pa á láró. Ọ̀rọ̀ “wholemeal” ni kí o wá lára ọ̀rá rẹ̀, òfin kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí èyí tí kì í ṣe odindi. Óòtì dára, ìrẹsì tí wọn kò bó dára, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ̀pà, egúsí. Ìyẹn kò le.

Má sáré lọ ra magnẹ́síọ̀mù oníhóró o! Bí kíndìnrín màmá kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò kó jọ sí wọn lára, ó lè dá ọkàn dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà sì máa ń ṣí èèyàn nínú, ìgbẹ́ gbuuru náà á tún máa gbé magnẹ́síọ̀mù lọ. Bí wọ́n bá ń lo oògùn thyroid (levothyroxine), ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí àárín òun àti magnẹ́síọ̀mù. Bó bá sì jẹ́ omeprazole ni wọ́n ń lò, má já a gbà lọ́wọ́ wọn lójijì, oró inú yóò padà wá pẹ̀lú agbára, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé òun ni kò jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà ló máa pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, n kò sì tí ì rí pajápajá ọwọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ náà máa ń da magnẹ́síọ̀mù nù. Da àpò oògùn màmá sórí tábìlì lálẹ́ òní, kí o kọ orúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n ti ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, kí o mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la, kí o sì ní kí wọ́n yẹ magnẹ́síọ̀mù wò.