Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́? Ìbéèrè òbí kan lórí ààbò ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo wà. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ìwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí Takie ni wọ́n ń lọ. Àwa òbí tó wà lókè òkun fẹ́ dáwó jọ fún ààbò ilé-ìwé náà. Àwọn kan ní ká ra kámẹ́rà, àwọn kan ní ká gba mẹ́gáàdì méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn ti ní sílíńdà ìpaná, ó parí síbẹ̀. Kí ni ká ṣe tó máa wúlò ní tòótọ́? Ìròyìn àwọn ajínigbé kì í jẹ́ kí n sùn. Ìyá Ìbejì ni mo ń jẹ́.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ òbí kan ní Toronto

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró ná. Tí kò bá síná, kò lè ṣiṣẹ́. Tó bá sì ṣiṣẹ́, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán ló máa fi hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè: ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí gbogbo ọmọ wà ní kíláàsì, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà? Tó bá jẹ́ àpò mẹ́gáàdì nìkan ni, tí mẹ́gáàdì sì ti lọ ra ẹ̀kọ lójú títì, àhámọ́ ni ilé-ìwé yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló yẹ kí géètì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan lọ́wọ́ mẹ́gáàdì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ sún mọ́ géètì jù. Ẹ ní kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wọn kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Géètì ẹ̀yìn tí wọ́n fi ṣéènì dè, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi ìdábùú irin sí i nínú, èyí tí àgbàlagbà lè fà láìlo kọ́kọ́rọ́ rárá.

Ẹ wo ilẹ̀kùn kíláàsì náà. Tó bá ń ṣí sínú, ewu ni: bí ogójì ọmọ bá rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wà níwájú kò ní ráyè fà á. Káfíńtà á yí i kó máa ṣí síta. Ìta nìkan ni wọ́n sì ti máa ń fi àgádágodo ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kíláàsì wa, bẹ́ẹ̀ inú ni tíṣà máa wà lọ́jọ́ tí ajínigbé bá dé. Kí wọ́n fi bóòtù sí i nínú. Irin ojú fèrèsé ń kọ́? Torí olè la ṣe fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí èéfín bá dé, ọmọ ló ń há mọ́lé. Kí wẹ́dà gé ti fèrèsé kan ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kó fi hínjì so ó padà bí ilẹ̀kùn, kí ìkọ́ rẹ̀ wà nínú, lókè níbi tí ọwọ́ tíṣà á tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹra mọ́ jù ni agogo. Bí iná bá sọ, ìta ni ọmọ ń sá lọ. Bí ajínigbé bá dé, inú ló yẹ kó wà. Tó bá jẹ́ agogo kan náà ni wọ́n ń lù fún méjèèjì, agogo yẹn á kó àwọn ọmọ jáde lọ bá àwọn ajínigbé ní pápá. Kí wọ́n má sì lo agogo tí wọ́n ń lù fún brẹ́kì, àwọn ọmọ á rò pé eré ló yá. Agogo ọwọ́ tí wọ́n ń lù láìdáwọ́ dúró: ẹ jáde. Fèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta kúkúrú, kó dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn: ẹ wọlé, ẹ ti bóòtù, ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri tí wọn ò lè rí yín láti ojú fèrèsé, kí tíṣà pa ohùn fóònù rẹ̀. Agogo oníná kò wúlò níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Tí wọ́n bá ń jáde, rẹ́jísítà ni tíṣà máa mú, kì í ṣe báàgì. Kí ó máa wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òun ló máa jáde kẹ́yìn, á fa ilẹ̀kùn dé láìtì í kí èéfín má yára tàn. Ibi àpéjọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ìdáná àti ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé. Nígbà ọyẹ́, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, apá ibẹ̀ ni kí wọ́n dúró sí kí èéfín má bá wọn. Tíṣà á pe orúkọ, á gbé páálí sókè: àwọ̀ ewé bí ọmọ bá pé, pupa bí ẹnì kan bá dín. Ẹni tó máa ń sọnù nínú kíkà ni èyí tó wà ní ṣáláńgá, èyí tí wọ́n rán lọ ra ṣọ́ọ̀kì, àti èyí tó pẹ́ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti máàkì rẹ́jísítà. Nítorí náà, kí mẹ́gáàdì máa gbé ìwé àwọn apẹ́lẹ́yìn jáde pẹ̀lú.

Ìdánrawò kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan ló kéré jù. Àkọ́kọ́, kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú. Èkejì, kí wọ́n má sọ. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ má sí nílé. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ètò wà.

Sílíńdà ìpaná: oníyẹ̀fun 6 kg dára, kí ọwọ́ aago orí rẹ̀ wà lójú àwọ̀ ewé, kó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa. Kò ní pẹ́ tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó fi máa tán, nítorí náà iná kékeré ló wà fún, ìdí iná ni wọ́n sì ń fọ́n ọn sí. Epo tó bá gbiná nínú ìkòkò, ìdérí ni kí wọ́n fi bò ó. Omi á tú u ká.

Ní ti ajínigbé, ọ̀rọ̀ yín kò kéré. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok lọ́dún 2014 lọ̀rọ̀ yìí ti di ti gbogbo wa. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ààbò ilé-ìwé lágbàáyé lọ́dún 2015. Kí ọ̀gá kọ lẹ́tà sí Sífú Dìfẹ́ńsì, ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n wá rìn yí ọgbà ká kí wọ́n mọ ọ̀nà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni 112. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì, kí wọ́n sì kọ àpèjúwe ibi tí ilé-ìwé wà sábẹ́ rẹ̀, torí ẹni tí jìnnìjìnnì bá kì í rántí pé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wo lòun wà.

Tiyín gan-an, Ìyá Ìbejì: ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́ta péré tó lè gba àwọn ọmọ, pẹ̀lú fọ́tò wọn, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan sí i. “Màmá wọn tó wà lókè òkun ló rán mi” ni irọ́ tó rọrùn jù fún gbọ́mọgbọ́mọ láti pa. Ẹ fún Màmá ní lẹ́tà tó fàyè gba ìtọ́jú, kí jẹnotáìpù, oògùn àti ohun tí ara wọn kò gbà wà nínú rẹ̀, ẹ sì fi owó àsansílẹ̀ ilé-ìwòsàn sí ibi tí ọwọ́ wọn á tó. Bowen àti LAUTECH ní ilé-ìwòsàn ńlá níbẹ̀. Bí ejò bá bu ọmọ jẹ lásìkò òjò, kí wọ́n má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má fi okùn dì í. Kí ẹsẹ̀ náà má mì, kí wọ́n gbé e lọ kíákíá.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọ ìròyìn sí WhatsApp. Bí òbí àádọ́ta bá ń pe tíṣà kan, kò ní ráyè ka ọmọ.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ gba déètì ìdánrawò àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀gá, kí Màmá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wo aago.