Èsì: Owó ilé oṣooṣù lè dín kù láì yá owó tuntun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ilé. Ẹ ní ₦108,000 tí ẹ ń san fún báńkì lóṣù lórí owó tí ẹ yá fi ra ilé Ìkòròdú ti wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ ò sì fẹ́ yá owó níbòmíì. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí ẹ rí lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ yẹn, ẹ fi san lára ojú owó gan-an, ìyẹn owó tí ẹ yá láìka èlé, kí báńkì tún ìsanpadà yín ṣírò.

Mílíọ̀nù 6 ló kù, ọdún 10, èlé 18%. Tó bá di mílíọ̀nù 4.5, ẹ ó máa san nǹkan bíi ₦81,000.

Àmọ́ báńkì gbọ́dọ̀ gbà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè oṣù kankan sẹ́yìn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà: "Ẹ dín owó oṣooṣù kù, ẹ má dín ọdún kù." Èmi ò kọ ọ́ nígbà tèmi. Ọdún ni wọ́n gé, iye oṣooṣù ò yẹ̀ rárá. Ó dùn mí wọra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá san ṣáájú àkókò. Àwọn kan ń gbà á.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ kàn sún un sí ọdún 15, ẹ má tètè gbà o. Nǹkan bíi ₦11,500 péré ló máa dín lóṣù, èlé tí ẹ ó san lé e á sì ju mílíọ̀nù 4 lọ.