Sitirọ́bẹ́rì tí kò ní tètè jẹrà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sitirọ́bẹ́rì irú Camarosa ni mo gbìn sínú ike ní Sùúrùlérè. Òjò dé, àmì dúdú bo èso, ó ń jẹrà. Irú wo ni kí n rà? – Ìyá Bọ̀dé

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Mà. Tí àmì náà bá jìn wọnú bí ẹni fi ìka tẹ̀ ẹ́, àrùn olú (fungus) tí wọ́n ń pè ní anthracnose ni. Ooru àti ọ̀rinrin ló fẹ́ràn, Camarosa ò sì lè kojú ẹ̀. Ẹ wá irú Sweet Charlie, òun lè kojú ẹ̀. Albion náà dáa, àgàgà fún àrùn gbòǹgbò. Àmọ́ òjò Èkó ò mọ orúkọ irúgbìn: omi tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń gbé àrùn náà, nítorí náà ẹ gbé ike sábẹ́ òrùlé, ìdí ọ̀gbìn náà nìkan ni kí ẹ máa bomi sí. Ẹ má gbin ọmọ tí èyí tó ń ṣàìsàn bá fà. Àrùn á bá a lọ.