Máṣíìnì tó ń mu epo bí omi: ṣé kabúrẹ́tọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ pààrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù Honda CG125 àtijọ́ ni mo ń gùn lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, lítà kan máa ń gbé mi rin bíi 40 kìlómítà. Ní báyìí, agbára káká ló fi ń dé 22. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra kabúrẹ́tọ̀ tuntun. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ má tíì ra kabúrẹ́tọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, kò sí lítà tó tó fi ṣòfò mọ́, ṣùgbọ́n owó kabúrẹ́tọ̀ náà kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé 22 yẹn tọ̀nà. Ẹ rọ epo kún táǹkì dé ọrùn, ẹ gùn ún fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ẹ tún rọ ọ́ dé ọrùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ike oní-lítà tó dá yín lójú ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí kì í ṣe gbogbo ilé epo ni ìwọ̀n wọn pé. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tí ẹ rìn. Bí aago tó ń ka kìlómítà lára máṣíìnì bá ti kú, Google Maps á sọ bí ọ̀nà yín ṣe jìn tó.

Ẹ wo ẹsẹ̀ máṣíìnì kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé e lé sítáńdì ńlá, ẹ yọ ọ́ kúrò ní jíà, kí ẹ fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Bó bá yí díẹ̀ tó dúró gbagidi, bíréèkì ló ń fà á, tàbí kí ṣéènì le jù. Ó yẹ kí ṣéènì lè mì sókè sódò bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Mo ti rí máṣíìnì tí wọ́n tú kabúrẹ́tọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bíréèkì ẹ̀yìn tó há ló sì ń jẹ epo náà. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wo afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì.

Bí táyà bá ń yí geere, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí epo, lẹ́yìn tí ẹ bá gùn ún tó tutù díẹ̀. Bó bá pupa rúsúrúsú, epo àti afẹ́fẹ́ bára mu. Bó bá dúdú tó gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Eruku ọ̀nà abúlé ló sábà ń fa èyí: ó ti dí fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ pa. Tó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ẹ́ńjìn ọ́ìlì díẹ̀ rá a, kí ẹ sì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ fílítà sọnù bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Eruku yẹn á ha písítìn jẹ. Ẹ wò ó bóyá ṣóòkù, èyí tí à ń fà láti fi ṣáná sí máṣíìnì tó tutù, ń padà tán pẹ̀lú.

Ó ku kabúrẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹnu kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú rẹ̀, ihò rẹ̀ kò sì ju bíi mílímítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fi wáyà gún un láti fọ̀ ọ́, ihò náà á sì máa fẹ̀ sí i. Tó bá ti fẹ̀, kò ṣeé dí padà. Jẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí ẹ rà, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Kabúrẹ́tọ̀ tuntun tí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá ẹ́ńjìnnì yín mu lè burú ju ògbólógbòó tiyín lọ. Bí epo bá ń kán lára kabúrẹ́tọ̀ nígbà tí máṣíìnì dúró, fúlóòtì tó ń léfòó nínú rẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ tó yẹ kó dí ẹnu epo, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa epo jáde nígbà tí wọ́n bá ń tú u, májèlé ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọn epo, kí ẹ tó kan òmíràn. Ṣùgbọ́n bí púlọ́ọ̀gì bá ń yọ̀ fún ọ́ìlì, tí èéfín aláwọ̀ búlúù sì ń jáde ní sàléńsà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ríìngì ara písítìn ló ti jẹ. Ìyẹn gba kí ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni kí owó kabúrẹ́tọ̀ yẹn lọ.