Mo Fẹ́ Fi Géèjì Epo Sínú Mustang Bàbá Mi: Ṣé Kí A Fa Họ́ọ̀sì Rẹ̀ Wọ Dáṣíbọ́ọ̀dù?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Bàbá mi fi Ford Mustang 1968 kan sílẹ̀ fún mi, ẹ́ńjìnnì 302 ló wà nínú rẹ̀, kabúrétọ̀ ló sì ń lò. Láàárín ìlú, kò ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ńṣe ló máa ń jẹ́kì bí ọkọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀, tí epo sì wà ní táńkì. Makáníìkì mi ní kí n ra géèjì tó ń wọn pírẹ́ṣọ̀ epo, ó ní òun á fa họ́ọ̀sì rẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì wá sí dáṣíbọ́ọ̀dù kí n lè máa wò ó bí mo bá ń wakọ̀. Mo ti ra géèjì náà, 0 sí 100 ni wọ́n kọ sójú rẹ̀. Ṣé kí ó bá mi ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó fa epo wọ inú ọkọ̀. Kí ẹ fi géèjì sí i, ìmọ̀ràn gidi ni makáníìkì yín fún yín. Ibi tó fẹ́ gbé e sí ni mo bá a jà sí.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Adó, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní òórùn epo kò jẹ́ kí ìyàwó òun lè jókòó nínú ọkọ̀ náà mọ́. Géèjì epo wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọ̀gá mi ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà sókè, abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin, epo bẹntiróòlù sì ni. Wọ́n ti lu ihò sí irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí a ń jókòó, wọ́n ki họ́ọ̀sì gba ibẹ̀ láì fi rọ́bà bo etí ihò náà. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n lójoojúmọ́ ni etí irin yẹn ń rẹ́ họ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀, títí tó fi já a. Wáyà tó ń lọ sí ojú kọ́kọ́rọ́ kò jìnnà sí ibi tó ń jò ju ìka mẹ́rin lọ. Ọ̀gá mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó fi lọ tú bátìrì. Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbà kí epo kọjá irin yẹn, ì báà ṣe ẹ̀kán kan ṣoṣo.

Kì í sì í ṣe họ́ọ̀sì nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ bá tú irú géèjì yẹn, páìpù idẹ pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ lẹ máa bá nínú rẹ̀. Bí epo bá wọ inú rẹ̀ tó sì ń tì í, páìpù náà á fẹ́ nà, nínà rẹ̀ ló sì ń yí abẹ́rẹ́. Ará Faransé kan, Eugène Bourdon, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1849, òun náà la ṣì ń lò dòní. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló máa wà láàárín epo àti orúnkún yín. Bí ó bá là nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, orí ẹsẹ̀ yín ni epo máa dà sí.

Ẹ dá géèjì 0 sí 100 yẹn padà fún ẹni tó tà á. Ọkọ̀ tó ní ínjẹ́kítọ̀ ló wà fún, irú àwọn Corolla tí pírẹ́ṣọ̀ epo wọn máa ń lé ní 40. Kabúrétọ̀ kì í fẹ́ agbára: PSI (ìwọ̀n tí a fi ń ka pírẹ́ṣọ̀) 4 sí 6 tó fún un, bí ó bá fi lè kọjá 7, epo á borí abẹ́rẹ́ tó ń sé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ rántí pé táyà ọkọ̀ lásán, bíi 32 là ń fẹ́ ẹ sí. Lójú géèjì oní-100, ìyàtọ̀ láàárín 5 àti 2 kò ju fífẹ̀ ẹnu bírò lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn gan-an lẹ ń wá. Èyí tó parí sí 15 ni kí ẹ rà. Bí wọ́n bá fún yín ní èyí tí omi wà nínú gíláàsì rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́: ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń mú un parọ́.

Fífi sí i kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ tú orí nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun sí tòsí, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀. Lórí họ́ọ̀sì tó ti ara pọ́ǹpù lọ sí kabúrétọ̀, ẹ gé e níbi tó súnmọ́ kabúrétọ̀, ẹ fi irin ẹlẹ́nu mẹ́ta tó dà bíi lẹ́tà T sí i, kílíìpù lọ́tùn-ún, kílíìpù lósì. Ẹnu kẹta ni géèjì máa wọ̀. Sípánà méjì ni kí ó lò, ọ̀kan á di T mú, èkejì á yí ìdí géèjì. Kí ó má fi ọwọ́ gbá ojú géèjì mú yí i o. Họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ SAE 30R7 sí lára ni kí ẹ rà. Họ́ọ̀sì omi tàbí ọ̀rá funfun tí a ń rí inú rẹ̀, epo máa jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ fojú tó: téèpù funfun tí àwọn pọ́ḿbà ń wé mọ́ páìpù omi. Ọ̀pọ̀ makáníìkì wa ló ń wé e mọ́ tíréèdì géèjì. Mo ti tú kabúrétọ̀ kan rí tí kò yéé kún, tí epo ń dà jáde lára rẹ̀. Mo yọ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ síta, mo gbé e sínú oòrùn: fọ́nrán téèpù kan, tó tinrin ju irun orí lọ, ló há sí ẹnu rẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè sé. Gọ́ọ̀mù olómi tí epo kò lè yọ́ ni kí ẹ fi kun tíréèdì, ẹ sì fi tíréèdì méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láì kùn ún.

Bí ẹ bá ti dá bátìrì padà, ẹ sítáátì, ẹ jẹ́ kó wà ní sílò, kí ẹ fi ìka gbígbẹ kan gbogbo oríkèé tí ẹ tú. Bí ìka bá tutù, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ó kù bí ẹ ṣe máa rí abẹ́rẹ́ lórí òkè. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ títí ayé, ẹ ra géèjì oníná: ẹ̀yà rẹ̀ tó ń mọ pírẹ́ṣọ̀ á wà lára ẹ́ńjìnnì, wáyà nìkan ló máa wọlé. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan péré, kí makáníìkì fi 30R7 gígùn gbé géèjì gba ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde, kí ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta gíláàsì iwájú. Kí họ́ọ̀sì má kan irin èéfín, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì má sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti délé, ẹ tú u kúrò. Kí ẹlòmíràn wakọ̀, kí ẹ̀yin máa wo abẹ́rẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ bá rọra ń wálẹ̀ sí 2 tàbí 1 kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́kì, epo ni kò dé. Ẹ páàkì síbi tó dáa, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fà wọlé "fíìn", tí ọkọ̀ sì ṣe dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ìdérí náà ni kò jẹ́ kí táńkì mí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo fílítà, ẹ wo họ́ọ̀sì tó wà láàárín táńkì àti pọ́ǹpù, torí pé èyí tó ti gbó máa ń pẹlẹbẹ bí pọ́ǹpù bá ń fà á. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ tó fura sí pọ́ǹpù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ fi pọ́ǹpù oníná Corolla rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ̀ fún un, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù fún kabúrétọ̀.

Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá dúró gbọin lórí 5 tí ọkọ̀ ṣì ń jẹ́kì, pọ́ǹpù ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Kọ́ìlì àti pọ́íǹtì tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní iná, àti inú kabúrétọ̀, ló kù kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: ti sílò, ti ojú títẹ́jú, àti ti ibi tó ti jẹ́kì lórí òkè. Ẹ fi ránṣẹ́, mo máa sọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ tú.