Ṣé kí n fi táyà 245 sẹ́yìn Scion FR-S mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Scion FR-S ọdún 2013 ni mo rà, tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ríìmù tó bá a wá ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, táyà 215/45R17 ló sì wà lára wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi 245/40R17 sẹ́yìn méjèèjì, kí n fi ti iwájú sílẹ̀, pé ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú dáadáa. Ẹni tó ń ta táyà náà sọ pé yóò wọ̀ ọ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Yóò wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ínǹṣì 7 ni ríìmù yín fẹ̀. Táyà 245/40R17 ń fẹ́ ríìmù tó fẹ̀ láti ínǹṣì 8 dé 9 ààbọ̀. Bí wọ́n bá fi ipá fún un mọ́ ínǹṣì 7, ẹnu rẹ̀ á fún pọ̀, ikùn rẹ̀ á wú síta bí àpò tí wọ́n so lọ́rùn. Tí ẹ bá wá wọ kọ́nà, ara táyà á kọ́kọ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ríìmù tó tẹ̀ lé e. Ẹ ó yí sítíárì, ọkọ̀ á sì ṣe bí ẹni tó ń ronú kó tó dáhùn. Àárín táyà náà ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ tán, torí pé òun ló yọ jù.

Àṣìṣe kan tí mo máa ń rí ni pé ojú 245 nìkan ni àwọn èèyàn ń wò. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. Èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. 17 ni ínǹṣì gíga ríìmù láti òkè délẹ̀, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Táyà yín ga tó mílímítà 625 láti òkè délẹ̀. 245/40 á jẹ́ 628, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé 245/45R17 fún yín pé ọ̀kan náà ni, 652 nìyẹn. Nígbà tí gééjì bá ń sọ pé ẹ ń sá 100, ẹ ti ń sá 104. Tó bá tún jẹ́ ẹ̀yìn nìkan lẹ fi sí, kọ̀ǹpútà tó ń fi eré ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra fún ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) á máa rò pé ẹsẹ̀ kan ń yọ̀ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Kí ni táyà fífẹ̀ ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé rọ́bà púpọ̀ sí i ló ń kan ilẹ̀. Ìwọ̀n ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ inú táyà ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú bí ojú ibi tó kan ilẹ̀ ṣe máa tóbi tó, ibẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà tó na ìka lọ púpọ̀. Bí táyà bá fẹ̀ sí i, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò yí padà, ojú ibẹ̀ á gbòòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì kúrú láti iwájú sẹ́yìn. Ìrísí yẹn ló ń ranni lọ́wọ́ ní kọ́nà: rọ́bà kì í lọ́ púpọ̀ kó tó di ilẹ̀ mú, kì í sì í tètè gbóná jù. Àmọ́ lórí omi, ohun kan náà yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Táyà tó gbòòrò ní omi púpọ̀ láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá ráyè tì í tán, orí omi ló máa gùn, sítíárì á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lójijì. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò oṣù kẹfà ṣe ń dá omi dúró lójú títì wa.

Ti ẹ̀yìn nìkan tí ọ̀rẹ́ yín sọ ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Mo ti wa irú ọkọ̀ yìí kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mo wọ kọ́nà, ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú gírígírí, iwájú kò lè bá a dọ́gba. Bí mo ṣe ń yí sítíárì tó, ńṣe ni imú ọkọ̀ ń yọ̀ lọ sí ìta kọ́nà. Toyota àti Subaru tó jọ ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi 215 sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, Michelin Primacy HP, táyà ìrọ̀rùn lásán. Agbára ẹṣin 200 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ọkọ̀ náà sì fúyẹ́, bíi kílò 1,250. Wọ́n fẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ ọ lára nígbà tí táyà bá fẹ́ yọ̀, kó sì tètè dá a padà láìtíì sá eré àsápajúdé. Ohun tó dùn jù lára ọkọ̀ náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ọjọ́ orí táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọ́: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Rọ́bà tó ti gbó ti le, kò sì lè di ilẹ̀ mú bó ti wù kó fẹ̀ tó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń dà yín láàmú gan-an nìyẹn.

Tó bá jẹ́ tèmi, 225/45R17 tuntun mẹ́rin tí rọ́bà rẹ̀ dára ni mo máa rà. Ríìmù ínǹṣì 7 yín gbà á, eré orí gééjì kò sì ní yàtọ̀ ju ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí ọkàn yín kò bá kúrò lára 245, ẹ ra ríìmù ínǹṣì 8 mẹ́rin, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ET ara rẹ̀, ìyẹn iye mílímítà tí ojú ibi tí wọ́n ti ń de ríìmù mọ́ ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ rẹ̀. 48 ni tiyín. Ínǹṣì 8 tó jẹ́ ET45 á sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì ní bíi mílímítà 10, á sì yọ síta ní bíi 16. Bí ET bá ti ń kéré sí i ni ẹsẹ̀ ń jáde sí i. Bíárínì á máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú títì tó ti ya á sì máa fa sítíárì mọ́ yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ gbé èèyàn méjì sẹ́yìn, ẹ gun òkè kékeré ojú títì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú fẹ́ńdà wò. Ibi tó bá ń dán, táyà ló ń ha á. Bí kò bá sí, ẹ gbé e lọ fún aláìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an.