V-Strom 650 àbí Versys 650 fún ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Alùpùpù tòkúnbọ̀ méjì tí ẹ ní kí a bá yín yàn nínú wọn yìí, agbára wọn ò jìnnà síra: 645cc ni ẹ́ńjìnnì V-Strom ti Suzuki, 649cc ni ti Versys ti Kawasaki. Táyà iwájú gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ínǹṣì 19 ni ti V-Strom, 17 ni ti Versys. Ẹ̀yin náà kúkú mọ àwọn kòtò ojú ọ̀nà àtijọ́ tí tírélà ti hú ọ̀dà rẹ̀ dànù. Táyà ńlá a máa gun etí kòtò kọjá, kékeré a já sínú rẹ̀. Mo fi táyà 17 já sí ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ríìmù tẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí mo fi délé.

Versys dùn ún yí lórí ọ̀dà tó dán, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọ̀dà tó dán dà?

V-Strom ni kí ẹ mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì iwájú wò. Ẹ̀yìn rédíétọ̀ ló sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibẹ̀, ó sì lè ti dípẹtà. Ẹ fọwọ́ fa ṣéènì náà lẹ́yìn. Bó bá ń ṣí kúrò lára eyín rẹ̀, ẹ yọ owó ṣéènì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè.